ỌMỌ WA TI WỌ YUNIFÁSÍTÌ: TA NI YÓÒ PÈ É NÍ ORÚKỌ RẸ̀?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin

Bíbélì kíkà: Daniẹli 1:1–20, Ìṣe Àwọn Aposteli 18:24–28
Ẹsẹ àkọ́sórí: Heberu 10:25 (kí gbogbo wa ṣí Bíbélì, kí a kà á papọ̀)
Ète ẹ̀kọ́: Kí ìyá kọ̀ọ̀kan lè mọ bí yóò ṣe ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti rí ìdàpọ̀ àwọn onígbàgbọ́ nígbà tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, àti kí àwa tí ilé wa wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ lè mọ ojúṣe wa sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín, nítorí olùkọ́ tó bá ń bo àṣìṣe ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè kọ́ ẹlòmíràn dáadáa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan gba yàrá ní ilé tó kọjú sí tiwa ní Ìbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo wa mọ̀ sí LASU, ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó lò ní àdúgbò, ó wá sí ìjọ tí mò ń lọ nígbà náà. Wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde, ó dìde. A kọrin kí i, a pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fún un ní káàdì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Àga méjì péré ló wà láàárín èmi àti òun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, n kò rí i mọ́. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bóyá ó ti lọ sí ìjọ mìíràn, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ó ti rù. Mo ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló dé tí a kò rí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìgbà mẹ́ta ni mo wá, kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mò ń gbé." Bẹ́ẹ̀ ni mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà mi kí n sì máa wo fèrèsé yàrá rẹ̀!

Nígbà tí a jókòó, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣe ìpàdé àdúrà nínú yàrá kan ní àdúgbò ni wọ́n wá a wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ibà mú un, àwọn ni wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un. Lẹ́yìn náà ni olórí wọn sọ pé kí ó mú owó ilé ìwé rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí irúgbìn ìgbàgbọ́, kí ó má sì lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́, nítorí pé ọ̀tá wà nílé. Ó kó owó náà fún wọn. Kò rí owó san ní ilé ìwé, kò lè ṣe ìdánwò, ọdún kan sì bọ́ sọnù. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá ọmọ náà, tó wà ní ìlú mìíràn, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mẹ́tọ́díìstì bíi tiwa. Ó rò pé ọmọ òun wà ní ọwọ́ rere. Àwa ni ọwọ́ rere náà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀. Kókó rẹ̀ kò pọ̀: kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń ṣèèṣì bọ́ sínú ìdàpọ̀ rere, ẹnìkan tó ti wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń pè é ní orúkọ, tí ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún un.

1. ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ MẸ́RIN NÍ BÁBÍLÓNÌ

Bí a bá fara balẹ̀ ka Daniẹli orí kìíní, a ó rí i pé ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kúrò nílé, wọ́n mú wọn lọ sí ìlú àjèjì láti kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kaldea. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà gbà (ẹsẹ 5). Wọ́n yan oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì yí orúkọ wọn padà (ẹsẹ 7). Ẹ kíyèsí i pé orúkọ tí ìyá àti bàbá fún wọn wà lára ohun tí ìlú àjèjì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Lónìí pẹ̀lú, nọ́ńbà ni ọmọ ń jẹ́ ní yunifásítì. Nọ́ńbà ló ń kọ sórí ìwé ìdánwò, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọ lè lo odidi oṣù kan láì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọ.

Kí ni ó pa Daniẹli mọ́? Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò dá a gbà. Ní orí kejì, ẹsẹ 17 àti 18, nígbà tí ikú ń bọ̀ lórí gbogbo àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú náà, Daniẹli lọ sí ilé rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Hananiah, Miṣaeli àti Asariah, kí wọ́n lè jọ bẹ Ọlọ́run fún àánú. Ó mọ ilé tí yóò lọ, ó mọ àwọn tí yóò sọ fún. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìṣòro náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá a gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ìbá ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwa dé."

Ohun kan ṣì kù níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò torí àdúrà pa ìwé tì. Nígbà tí ọba dán wọn wò, wọ́n tayọ gbogbo àwọn yòókù (ẹsẹ 17 sí 20). Ìdàpọ̀ tó bá ń mú kí ọmọ máa gbòdo nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jọ ti Daniẹli.

2. ÌJỌ ELÉTÒ BẸ̀RẸ̀ LÁÀÁRÍN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹ́ ọmọ Ìjọ Elétò láì rántí pé inú yunifásítì ni orúkọ náà ti jáde. Ní 1729, ní Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Charles Wesley kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ jọ kí wọ́n lè máa kàwé, kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, John, tó jẹ́ olùkọ́ ní ibẹ̀, padà dé, ó sì di olórí wọn. Láti 1730 ni wọ́n ti ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà, wọ́n sì ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́rú àti ọjọ́ ẹtì. Nítorí pé ètò ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní elétò. Orúkọ ẹ̀gàn yẹn ni a fi ń yangàn lónìí.

Ní Oxford yìí kan náà ni ọmọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ George Whitefield. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní kékeré. Ilé èrò ni ìyá rẹ̀ ń bójútó ní ìlú Gloucester. Nítorí àìsí owó, ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́rọ̀ kí ó lè kàwé. Ó máa ń wo ẹgbẹ́ àwọn Wesley bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó wù ú kí ó bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé obìnrin kan ní ilé àwọn aláìní fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó rán obìnrin tálákà kan tó ń ta èso ápù sí Charles Wesley pé kí ó lọ ran ẹni náà lọ́wọ́, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má dárúkọ òun. Obìnrin náà dárúkọ rẹ̀! Charles ní kí ọmọ náà wá bá òun jẹun ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Oúnjẹ àárọ̀ yẹn ni Whitefield fi wọ inú ẹgbẹ́ náà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníwàásù tó lágbára jùlọ ní ayé ìgbà náà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ọmọ náà ti ń wá ìdàpọ̀, ìdàpọ̀ náà sì wà, ojú kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni obìnrin ọlọ́jà kan tó dárúkọ ọmọ náà, àti àwo oúnjẹ kan. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa kò lè ṣe.

3. ÀLEJÒ TÓ WÁ ÌJỌ NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí. Ní ìlú Cape Coast, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé inú ilé olódi kó ara wọn jọ ní 1831 láti máa ka Bíbélì. Kò sí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìstì kankan lọ́dọ̀ wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n béèrè pé kí wọ́n rí Bíbélì gbà, ìbéèrè wọn ló sì mú kí wọ́n rán míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìstì àkọ́kọ́ wá sí ibẹ̀, tó dé ní 1835. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ni William de Graft.

Ní àkókò yẹn, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ń padà bọ̀ láti Sàró, wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n ti mọ Kristi ní Sàró, ṣùgbọ́n wọ́n dé ibi tí kò sí ìjọ. Ní 1841, ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ̀wé padà sí Sàró pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, William de Graft sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ka Bíbélì ní Cape Coast ni ó wá di olùṣọ́ fún àlejò tó ń wá ìjọ ní ilẹ̀ wa. Keresimesi ọdún náà ni wọ́n ṣe ìsìn Keresimesi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà tó gba iwájú Ìyànà Ìbà àti Okokomaiko kọjá ni ó lọ sí Àgbádárìgì. Ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà yìí nínú dánfó àti kọ̀rọ́pẹ́, tàwọn ti báàgì lọ́wọ́. Àwọn náà mọ Kristi nílé, wọ́n ń wá ìjọ níbi tí wọ́n dé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọ ti wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ní gbogbo òpópónà. Ṣé a wá lè jẹ́ kí àlejò máa wá ìjọ níbi tí ìjọ kún sí?

4. BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE RÍ NÍ ÀDÚGBÒ WA

Nígbà tí èmi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, kò sí ẹni tó ń wá ìdàpọ̀ kiri. Agogo ló ń jí wa, agogo ló ń pè wá sí àdúrà, ìyá tó ń ṣàkóso ilé gbígbé sì mọ ibùsùn olúkúlùkù wa. Bí àga rẹ bá ṣófo ní ìsìn alẹ́, ìbéèrè dé nìyẹn. Nígbà míràn, ó máa ń sú wa. Nísinsìnyí ni mo mọ̀ pé odi ni ó jẹ́ fún wa.

Ní 1983, nígbà ìjọba Gómìnà Lateef Jakande, ni wọ́n ṣe òfin tó dá LASU sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé àárín ìlú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé: ní Ìbà, ní Ìyànà Ìbà, ní Okokomaiko, ní ìlú Ọjọ́ fúnra rẹ̀, títí dé Ìgàndo. Bí a bá gba ojú ọ̀nà Àgbádárìgì síwájú, a ó dé Ìjànìkín, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà wà, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ẹ̀pẹ́ ní 2022, tó fi di yunifásítì àwọn olùkọ́ tí a ń pè ní LASUED. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń gba yàrá láàárín wa.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní agogo, kò ní ìyá ilé gbígbé. Ayálégbé ni wọ́n. Wọ́n jáde ní òwúrọ̀, wọ́n wọlé lálẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí ara ọmọ kò bá yá, ó lè dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Kò mọ ilé tó dára àti èyí tí kò dára. Àwa tí a ń ta nǹkan fún wọn, tí a ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn, tí a ń bá wọn pọn omi lójú kan náà, àwa ni ìyá ilé gbígbé wọn, bí a mọ̀ bí a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan tó korò. Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ. Wọn kì í dúró de ọmọ tuntun kí ó wá dìde láàárín ìjọ. Wọ́n ń wá a dé yàrá ní ọ̀sẹ̀ tó dé. Wọ́n ń bi í ní orúkọ, wọ́n ń ra oúnjẹ fún un, wọ́n ń ṣèlérí ààbò. Ebi ọ̀rẹ́ tó ń pa ọmọ náà ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sì fi ń mú un. Ebi kan náà ni àwọn wòlíì èké inú yàrá rí lára ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ebi náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ló dá wa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a ní oúnjẹ kí a má gbé e kalẹ̀.

5. ÌDÀPỌ̀ WO NI KÍ ỌMỌ WÁ?

Àwọn ìyá kan máa ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ inú ọgbà yunifásítì, pàápàá èyí tí kì í ṣe ti ìjọ wa. Kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1973, olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, William Kumuyi, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15 nínú ilé rẹ̀. Lára rẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti jáde. Láti 1968 sì ni NIFES ti ń so àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ pọ̀ káàkiri Nàìjíríà láì béèrè pé ìjọ wo ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ rere wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà mọ ìgbà tí ìdánwò ń bọ̀, wọ́n mọ ìdánwò ọkàn tó ń bá ọ̀dọ́ jà, wọ́n lè jí i kàwé. Ìyá àgbà nínú ìjọ ni yóò sì sọ fún un bí a ṣe ń fara da ọ̀fọ̀, bí a ṣe ń mọ ọkùnrin tó ń parọ́, àti bí Ọlọ́run ṣe gbé ilé ró fún ogójì ọdún. Nígbà tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ inú ọgbà yóò tú ká. Ìjọ ni yóò bá ní ìlú yòówù tí iṣẹ́ bá gbé e lọ. Nítorí náà, kí ó ní méjèèjì.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa wo àmì ìdàpọ̀ rere:

(a) Bíbélì wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, a sì lè béèrè ìbéèrè.
(b) A mọ ẹni tó ń darí rẹ̀, a mọ ilé rẹ̀, òun náà sì ní ẹni tó ń bi í léèrè.
(d) Wọ́n ń gba ọmọ níyànjú pé kí ó lọ sí kíláàsì.
(e) Bí o kò bá wá, ẹnìkan yóò wá ọ wá.
(ẹ) Wọ́n ń ṣe oore fún àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn, bí àwọn ará Oxford ṣe lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Kí wọ́n sì sá fún ibi tí olórí ti ń béèrè owó ilé ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kí ọmọ má gbọ́ ti òbí rẹ̀ mọ́. Ibi tí ọkùnrin ti ń pe ọmọbìnrin nìkan wá gba àdúrà nínú yàrá. Àti ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ má sọ ohun tí ó rí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run kì í bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀.

6. IṢẸ́ ÌYÁ TÓ Ń RÁN ỌMỌ LỌ

Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, bí ọmọ 19, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Síbẹ̀, ó ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bá a sọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tí John di àgbà tó sì ń kọ́ni ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé àkókò Ọjọ́bọ̀ náà ṣì wu òun. Ẹ wo ohun tí wákàtí kan lè ṣe.

Àwa ní fóònù lónìí, ṣùgbọ́n kí ni à ń fi í béèrè? "Ṣé o ti jẹun? Ṣé owó ti dé?" Ìbéèrè rere ni. Kí a fi ọ̀kan kún un: "Ta ni ẹ jọ gbàdúrà lọ́sẹ̀ yìí?" Bí ọmọ bá ní kò sí, kí a má pariwo lé e lórí, nítorí ọmọ tí a bá ń bú yóò kọ́ bí a ṣe ń purọ́. Kí a bi í pé kí ló dé, kí a sì gbọ́.

Bákan náà, kí ọmọ má lọ láìsí ìwé lọ́wọ́. Ìwé ni Paulu fi fi Febe lé ìjọ Romu lọ́wọ́ (Romu 16:1–2). Ìwé ni àwọn ará fi Apollo ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Akaia (Ìṣe 18:27). Kí ìyá lọ bá aṣáájú kíláàsì àti àlùfáà rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí ìjọ tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ náà pé ọmọ wa ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ nìyí, orúkọ ìyá rẹ̀ nìyí. Kí a sì sọ fún ọmọ pé kí ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ má kọjá lórí ibùsùn, nítorí bí ọ̀kan bá ti lọ, ìkejì kì í nira mọ́.

7. IṢẸ́ ÌYÁ TÓ WÀ NÍTÒSÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́

Apollo jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ohun kan kù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Priskilla àti Akuila kò dójú tì í láàárín àwùjọ. Wọ́n mú un mọ́ra, wọ́n sì là á yé e (Ìṣe 18:26). Lẹ́yìn èyí, kí àwa náà ṣe báyìí:

(a) Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a yan obìnrin méjì tí yóò máa wá ojú tuntun. Káàdì nìkan kò tó. Kí wọ́n bi ọmọ ní ohun mẹ́ta: Kí ni orúkọ rẹ? Níbo ni o ń gbé? Báwo ni a ṣe lè rí ìyá rẹ?
(b) Kí àwọn méjì jọ lọ kí i nílé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.
(d) Kí oúnjẹ wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ìsìn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀wà àti dòdò tó. Whitefield kò rí ju oúnjẹ àárọ̀ lọ.
(e) Kí aṣọ tàbí irun orí má jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu wa. Tó bá ti mọ̀ pé a fẹ́ràn òun, yóò gbọ́ ìyókù.
(ẹ) Kí a fún un ní iṣẹ́ ṣe, bóyá nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí kíkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹni tó ní iṣẹ́ mọ̀ pé òun ní ilé.
(f) Bí ọjọ́ Ìsinmi méjì bá kọjá tí a kò rí i, kí ẹnìkan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, bí ilẹ̀kùn ayálégbé yín kò bá ṣí láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn án.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wa ṣe parí. Èmi àti olórí ẹgbẹ́ wa lọ sí yàrá rẹ̀, a sì pe ìyá rẹ̀. Ìyá náà sọkún lórí fóònù, ó dé ní ọjọ́ kejì. Ẹgbẹ́ dá owó díẹ̀, ìyá wá ìyókù, ọmọ náà tún ọdún náà ṣe. Ó ti parí, ó ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọdún tó sọnù kò padà, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan péré lẹ́nu mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìbá ti gbà á là.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn ohun tí Bábílónì fẹ́ yí padà lára Daniẹli àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀? Èwo nínú wọn ló ń bá àwọn ọmọ wa jà lónìí?
2. Dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń wá sí ìjọ wa. Bí a kò bá lè dárúkọ wọn, kí ni ìdí rẹ̀?
3. Báwo ni ìyá ṣe lè mọ̀ pé ìdàpọ̀ tí ọmọ òun wà kò dára, láì tíì rí i?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kíkí àlejò àti gbígba àlejò?

IṢẸ́ FÚN OṢÙ YÌÍ

Kí olúkúlùkù wa wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní òpópónà rẹ̀, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì máa fi orúkọ náà gbàdúrà lójoojúmọ́. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a mú àwọn orúkọ náà wá.

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run Baba wa, ìwọ tí o mọ àgùntàn rẹ ní orúkọ, a fi àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lé ọ lọ́wọ́. Dáríjì wá fún àwọn tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ wa tí a kò rí. La ojú wa, ṣí ilẹ̀kùn wa. Kí ọmọ tí a rán lọ bá ìyá níbi tó dé, kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ wa sì bá ìyá lọ́wọ́ wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.